Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ọjà Títà: Bí Àwọn Onímọ̀ Ọrọ̀ Ajé Ṣe Róye Òmìnira Ìwádìí

Ní ọdún 1745, àwọn alákòóso ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọmọ ènìyàn. Orúkọ David Hume wà lára àwọn tó jáde. Àwọn àlùfáà ìlú dìde, wọ́n ní aláìgbàgbọ́ ni, wọ́n ní ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ yóò ba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Iṣẹ́ náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó di 1751, àyè mìíràn fẹ́ ṣí sílẹ̀ ní Glasgow. Adam Smith, tí ó ti ń kọ́ni níbẹ̀, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé bí ó bá jẹ́ ti òun ni, Hume ni òun ìbá yàn ní alábàáṣiṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun pé àwọn ará ìlú kò ní gbà. Wọn kò sì gbà. Hume kú ní 1776 láì fi ọjọ́ kan jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n níbikíbi. Ọkùnrin méjì yìí wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé òde òní lélẹ̀. Èrò ọ̀kan dínà iṣẹ́ mọ́ ọn, èkejì kò sì rí ọ̀nà gbà á sílẹ̀.

Hume ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Òfin tó ní kí ìjọba kọ́kọ́ yẹ ìwé wò kí òǹtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1695, wọn kò sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Ní 1741, Hume kọ àròkọ kúkúrú láti ṣàlàyé ìdí tí irú òmìnira bẹ́ẹ̀ fi wà ní ìlú wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọ èyí tó gùn jù ú lọ nípa bí ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ṣe ń gbèrú. Ó ní níbi tí ọ̀pọ̀ ìlú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọba kan ṣoṣo kò jọba lé gbogbo wọn lórí, ṣùgbọ́n tí òwò so wọ́n pọ̀, níbẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń rí ààyè mí. Nínú ìjọba ràbàtà kan ṣoṣo, bí ọ̀mọ̀wé olókìkí bá ti sọ̀rọ̀, ó di àṣẹ. Níbi tí aládùúgbò bá wà, aládùúgbò á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, á sì yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó fi ẹ̀kọ́ Descartes ṣe àpẹẹrẹ: àwọn Faransé rọ̀ mọ́ ọn, títí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní Yúróòpù fi já àwọn àléébù rẹ̀ síta. Òwò àti ìwádìí jọ ń rìn nínú àlàyé yìí. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ló ń kó lẹ́tà.

Smith mú ọ̀rọ̀ náà wọnú ọjà fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ tó kọ́ ní Glasgow láàárín 1762 sí 1763, ó béèrè ohun tó wà nídìí àṣà ènìyàn láti máa ṣe pàṣípààrọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìfẹ́ láti yí ẹlòmíràn lọ́kàn padà ni. Ẹni tó na ṣílè kan sí ọlọ́jà ń bá a ro ẹjọ́ ni: ó ń sọ fún un, láì la ẹnu, pé àǹfààní tirẹ̀ náà wà nínú ohun tí òun fi lọ̀ ọ́. Gbogbo ènìyàn ń fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ tó ń wọni lọ́kàn, ẹ̀ka kan lára ẹ̀kọ́ náà sì ni ìnájà jẹ́. Ẹni tó bá ti dúró nídìí àtẹ rí, tó gbọ́ bí ọlọ́jà àti oníbàárà ṣe ń dúnàádúrà, mọ ohun tí Smith ń wí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ The Wealth of Nations, tó jáde ní 1776, ó kàn fọwọ́ bà á ni, pé ó jọ pé inú làákàyè àti ọ̀rọ̀ sísọ ni pàṣípààrọ̀ ti ṣẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣílè náà wà, ọdún 1958 ni a sì tó rí àkọsílẹ̀ ọ̀hún. Fún ohun tó súnmọ́ igba ọdún, àwọn tó jogún iṣẹ́ Smith kò ní ibi tí wọ́n ti lè ka ọ̀rọ̀ ṣílè náà.

Èyí tó wà nínú ìwé 1776 kò kéré náà. Smith lo ọdún mẹ́fà ní Oxford, láti 1740 sí 1746, ó sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ ti pa iṣẹ́ ìkọ́ni tì, wọn kò tilẹ̀ díbọ́n mọ́. Ó wá ìdí rẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ń gbowó: owó oṣù ń wọlé yálà wọ́n kọ́ni tàbí wọn kò kọ́ni. Ní Glasgow, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni apá kan owó olùkọ́ ti ń wá, olùkọ́ kò sì lè sùn. Ó tún fi ọ̀nà kan náà wo ọ̀rọ̀ ìsìn. Bí ìjọba kò bá gbè sẹ́yìn ìjọ kankan, ó ní ìjọ kéékèèké yóò pọ̀ ní igba, ní ọ̀ọ́dúnrún, àní ní ẹgbẹ̀rún, olórí ìjọ tó bá sì rí i pé alátakò yí òun ká yóò kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti sùúrù tí kò sí lọ́wọ́ àlùfáà tí ọba ń gbè lẹ́yìn.

Ní Faransé ní àkókò kan náà, ẹni tó bá kọ̀wé lórí owó ìlú lè dé ẹ̀wọ̀n. Ní 1760, Mirabeau àgbà, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ìgbà náà, tẹ ìwé jáde lórí owó orí; wọ́n tì í mọ́lé ní Vincennes fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó lọ jókòó sí oko rẹ̀. Ní 1764, ọba fi àṣẹ lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ìwé lórí bí ìjọba ṣe ń ná owó. Ní ọdún yẹn gan-an ni Morellet, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, kọ ìwé láti fi hàn pé òmìnira láti kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ìjọba pàápàá láǹfààní. Kò lè tẹ̀ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni ìwé náà fi wà nílẹ̀, títí Turgot, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, fi di olórí ètò ìṣúná ọba. Nígbà náà ni ó jáde, ní 1775. Ní ọdún kejì, wọ́n yọ Turgot nípò.

Ní Ìlú Ọba, ẹ̀wọ̀n yí padà di owó orí. Láti 1712 ni ìjọba ti ń gba owó òǹtẹ̀ lórí ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan; ní 1815 wọ́n gbé e dé kọ́bọ̀ mẹ́rin lórí ẹ̀dà kan, ìwé ìròyìn sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ní 1819 wọ́n fi òmíràn kún un: ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó ńlá ṣe ìdúró. Àwọn tó fara mọ́ òmìnira òwò, James Mill láàárín wọn, kọ̀wé pé kò sí bí ará ìlú yóò ṣe yan alákòóso rere bí kò bá lè gbọ́ àìdára wọn. Lẹ́yìn 1830, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n ta ìwé ìròyìn tí kò ní òǹtẹ̀. Owó náà wálẹ̀ sí kọ́bọ̀ kan ní 1836, ó sì kúrò nílẹ̀ ní 1855. Owó orí lórí bébà tẹ̀ lé e ní 1861, owó ìdúró sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1869. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ nílé kò kú sí òkèèrè: ní 1903, ìjọba amúnisìn ní Èkó ṣe òfin pé oníwèé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi £250 ṣe ìdúró kí ó tó tẹ ìwé.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni John Stuart Mill, ọmọ James, dàgbà. Ó fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì East India Company. Ìwé rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé, tó jáde ní 1848, di ìwé tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ náà ń kà. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé àǹfààní òwò tó ga jù ni pé ó ń mú ẹni tí ìrònú wọn kò bára mu pàdé ara wọn. Harriet Taylor, aya rẹ̀, bá a ṣiṣẹ́ lórí ìwé mìíràn fún ọdún mélòó kan. Ó kú ní Avignon ní oṣù Kọkànlá 1858, Mill sì tẹ On Liberty jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1859 láì fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n jọ kọ. Níbẹ̀ ni ó ti ro ẹjọ́ náà kúnná: èrò tí a pa lẹ́nu mọ́ lè jẹ́ òtítọ́, bí kò bá jẹ́ òtítọ́, ó lè ní ìpín nínú òtítọ́, bí ó bá sì jẹ́ irọ́ pátápátá, òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò takò rí á kú sínú ọkàn àwọn tó dì í mú. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kankan kò tíì wí irú rẹ̀ rí.

Ìwé yẹn kan náà ló pín ọ̀nà sí méjì. Ní apá ìparí rẹ̀, Mill sọ pé òmìnira òwò ní ìdí tirẹ̀, ìdí náà sì lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí kan náà pẹ̀lú òmìnira ènìyàn láti ronú kí ó sì sọ ohun tó rò. Òwò kan àwùjọ, ìjọba sì lè dá sí i bí ó bá yẹ. Èrò kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Smith so pọ̀ nínú kíláàsì rẹ̀, Mill tú u, láì tíì rí ọ̀rọ̀ ṣílè náà kà. Láti ìgbà náà, fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé fara mọ́ ọn pé kí ìjọba jìnnà sí ìwé, kí ó sì máa bójú tó ọjà. Alfred Marshall, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára ìwọ̀nba àwọn tí a lè sọ pé wọ́n rántí okùn tó so méjèèjì pọ̀: ní 1890 ó kọ̀wé nípa ìlú tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà pọ̀ sí, pé àṣírí iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ àṣírí mọ́, inú afẹ́fẹ́ ni ó máa ń wà, ọmọdé a máa kọ́ ọ láì mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ara. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, àwọn ọlọ́rọ̀ ojú irin àti epo rọ̀bì ń kọ́ yunifásítì, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé dé láti Jámánì sì ń kọ́ni níbẹ̀ nípa owó iṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Richard Ely, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1885, ń kọ́ni ní Wisconsin. Ní 1894, alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà fẹ̀sùn kàn án nínú ìwé ìròyìn pé ó ń ti àwọn tó yanṣẹ́ lódì lẹ́yìn, ó sì ń fi ẹ̀kọ́ sósíálísìmù kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n dá a láre, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun yòówù tó bá ń dínà ìwádìí níbòmíràn, ilé ẹ̀kọ́ tiwọn gbọ́dọ̀ máa fẹ́ ọkà kúrò lára ìyàngbò láì bẹ̀rù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde ní 1910 fi idẹ ya ọ̀rọ̀ náà, ó sì wà lára ògiri ibẹ̀ dòní. Edward Bemis kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀: ní yunifásítì Chicago, tí owó Rockefeller kọ́, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní 1895, lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ Pullman.

Ẹjọ́ tó le jù ni ti Edward Ross ní Stanford. Opó ẹni tó dá yunifásítì náà sílẹ̀, Jane Stanford, nìkan ló ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ojú irin sì ni ọkọ rẹ̀ fi lówó, òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà ló sì la ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ross fẹ́ kí ìlú gba ilé iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, ó tún ń sọ̀rọ̀ burúkú sí àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànù tó ń wá ṣiṣẹ́. Ní 1900 ó di dandan kí ó lọ. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n méje ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kì í ṣe pé gbogbo wọn gba ohun tó sọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, Edwin Seligman ti Columbia sì ni olórí rẹ̀. Arthur Lovejoy, tó wà lára àwọn tó kúrò ní Stanford, bá John Dewey dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1915. Seligman ni wọ́n tún fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó kọ ìlànà ẹgbẹ́ náà lórí òmìnira ìwádìí. Inú ọdún yẹn náà ni yunifásítì Pennsylvania yọ Scott Nearing, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń bá àwọn tó ń fi ọmọdé ṣiṣẹ́ jà, láì sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ ọjà padà sínú ọ̀rọ̀ èrò láti ẹnu adájọ́. Ní oṣù Kọkànlá 1919, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n sọ àwọn àjèjì kan sí ní New York nítorí ìwé pélébé tí wọ́n fọ́n sí ìgboro. Ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ni ti àwọn kan. Oliver Wendell Holmes, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, takò ó, ó ní kí a jẹ́ kí èrò bá èrò díje bí ọjà ṣe ń bá ọjà díje, kí a wo èyí tí yóò borí. Àwọn méje dá ẹjọ́ náà lọ́nà kan, méjì lọ́nà kejì, ṣùgbọ́n àfiwé Holmes kò tún kúrò nílẹ̀.

Ní Rọ́ṣíà, pípa èrò lẹ́nu mọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nikolai Kondratiev, tó dá ilé ìwádìí lórí ọrọ̀ ajé sílẹ̀ ní Mọsíkò ní 1920, wọ ẹ̀wọ̀n ní 1930. Wọ́n yìnbọn pa á ní 1938. Ní 1935, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan láti Manchester, Michael Polanyi, bẹ Mọsíkò wò. Nikolai Bukharin, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, sọ fún un pé ìwádìí tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó lójú kì í ṣe ohun tí yóò wà lábẹ́ ìjọba tuntun. Gbogbo onímọ̀ ni yóò máa ṣe ohun tí ètò ọlọ́dún márùn-ún bá fẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n yìnbọn pa Bukharin náà. Nikolai Vavilov, tó kó èso irúgbìn jọ láti gbogbo ayé, kú sínú ẹ̀wọ̀n ní Saratov ní 1943, nítorí pé ìmọ̀ rẹ̀ lòdì sí ti Lysenko, onímọ̀ ọ̀gbìn tí ìjọba ń gbè lẹ́yìn. Polanyi kò gbàgbé ohun tó gbọ́. Ó fi kẹ́mísìrì sílẹ̀, ó sì di òǹkọ̀wé lórí ọrọ̀ ajé àti ìmọ̀.

Friedrich Hayek, ọmọ Vienna tó ń kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó sọ ìdí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò fi lè ṣiṣẹ́ ní èdè ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1945, ó ní ìmọ̀ tí ìlú fi ń jẹun kò sí lórí ẹnì kankan lódindi. Ó fọ́n ká, díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ọkọ̀ tó ń padà bọ̀ lófìfo, díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ilé tó ṣófo. Iye owó ló ń kó wọn jọ. Bí tin bá wọ́n, ẹni tó ń lò ó á ṣọ́ ọ ná, kò sì níláti mọ ibi tí àìtó náà ti wá. Yorùbá ti ń wí i tipẹ́ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní 1962, Polanyi fi ojú kan náà wo àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì: ó ní wọ́n dà bí àwọn tó ń to àwòrán tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ pọ̀, tí kálukú ń wo ohun tí ẹnìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbi tó yẹ kí ó tó mú tirẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, iṣẹ́ á dúró lórí ohun tí ọ̀gá mọ̀.

Ní ọdún 1962 yìí kan náà, Kenneth Arrow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, rí ohun tó dínà ìmọ̀ láti di ọjà bí ọjà yòókù. Ẹni tó fẹ́ ra ìmọ̀ kò lè mọ iye tó tó, àfi bó bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá sì ti mọ̀ ọ́n, ó ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Richard Nelson ti fi hàn ní 1959 pé ilé iṣẹ́ aládàáni kò ní náwó tó lórí ìwádìí tí èrè rẹ̀ yóò fọ́n ká sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn àpilẹ̀kọ méjèèjì di ohun tí àwọn ìjọba ń tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ náwó lé yunifásítì lórí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 1960, Aaron Director, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì Chicago, pe Ronald Coase, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ẹgbẹ́ rẹ̀, wá jẹun nílé rẹ̀ ní Chicago. Coase ti kọ ọ́ pé ó yẹ kí ìjọba máa ta ọ̀nà ìgbì rédíò dípò kí ó máa pín in, àwọn onímọ̀ Chicago sì gbà pé àṣìṣe wà nínú àlàyé rẹ̀. George Stigler, tó wà níbẹ̀, ròyìn pé nígbà tí wọ́n jókòó, ogún ènìyàn ló wà lápá kan, Coase nìkan lápá kejì. Nígbà tí wọ́n dìde, gbogbo wọn ti wà lọ́dọ̀ Coase. Ní 1974 ni ó wá béèrè ìbéèrè tí Mill ti dáhùn lọ́nà tirẹ̀: kí ló fà á tí a fi ń rò pé ìjọba kò gbọ́n tó láti bójú tó ìwé, ṣùgbọ́n ó gbọ́n tó láti bójú tó ọjà? Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbèjà ọjà tí wọ́n ti ń jẹun ni. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ìpè láti dá òwò sílẹ̀, àwọn mìíràn bí ìpè láti fi òfin de ìwé, Coase sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé kí ìlànà kan náà jẹ́ ti méjèèjì.

Láti Íńdíà, Amartya Sen gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọdé ni ní Santiniketan nígbà tí ìyàn Bengal ti 1943 pa láàárín mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta ènìyàn. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí ìròyìn náà jáde, títí Ian Stephens, olóòtú ìwé ìròyìn The Statesman ní Calcutta, fi tẹ àwòrán àwọn tí ebi ń pa. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìrànwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Sen fi èyí wé ìyàn Ṣáínà láàárín 1958 sí 1961, tó pa nǹkan bí mílíọ̀nù lọ́nà ọgbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ìṣirò rẹ̀. Àwọn alákòóso oko ń fi irọ́ ránṣẹ́ sókè, ìwé ìròyìn kò lè já wọn, ìjọba sì gbà gbọ́ pé ọkà tó wà nílẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ju èyí tó wà ní tòótọ́ lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989 ni Sen ti ń kọ ọ́ léraléra pé ìyàn ńlá kò tíì ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí ìdìbò àti òmìnira ìwé ìròyìn bá wà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998.

Ní 1990, Paul Romer tú ìṣòro Arrow palẹ̀ lọ́nà tuntun. Èrò kò dà bí iṣu, ó ní. Ẹni tó bá lò ó kò dín in kù fún ẹlòmíràn, nítorí náà ìlú tí èrò bá ti ń pàdé èrò lè máa lọ́rọ̀ sí i láì dúró. Ẹ̀bùn Nobel dé ọwọ́ rẹ̀ ní 2018. Joel Mokyr, òpìtàn ọrọ̀ ajé, tọ ipasẹ̀ ìtàn lọ: nínú ìwé rẹ̀ ti 2016, ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù tó ń kọ lẹ́tà síra wọn kọjá ẹnubodè, láàárín ọba tí kò gbọ́ra yé, ni wọ́n pèsè ìmọ̀ tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ti wá.

Yunifásítì Edinburgh, tí kò gba Hume ní 1745, ti fi orúkọ rẹ̀ pe ilé gíga kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ ní 1753 pé ènìyàn dúdú kéré sí funfun, wọ́n yọ orúkọ náà, ilé ọ̀hún sì di 40 George Square. Ní oṣù Kẹwàá 2025, Mokyr gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel, Philippe Aghion àti Peter Howitt pín ìdajì kejì. Àlàyé lórí ìlú tí ń ṣòwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan ń yẹ ẹ̀kọ́ èkejì wò, wà nínú ìwé Mokyr ti 2016. Hume ni ó dárúkọ fún un, pẹ̀lú àròkọ 1742.